Káàdì Tó Wà Lọ́wọ́ Ìyá

Bí ọ̀rọ̀ mi ti ọ̀sẹ̀ yìí bá gùn díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á fún mi, nítorí pé láti ìgbà Kérésìmesì tó kọjá ni ó ti wà lọ́kàn mi tí n kò rí ibi gbé e kalẹ̀ sí.

Gbogbo yín ni ẹ mọ bí àwa ẹgbẹ́ obìnrin inú ìjọ ti máa ń ṣe nígbà tí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀. A ó dá owó jọ, a ó ra ìrẹsì, a ó ra iyọ̀ àti ọṣẹ, a ó ní kí àwọn ọmọ wa kó aṣọ tí kò gbà wọ́n mọ́ jáde, a ó sì háyà bọ́ọ̀sì lọ sí abúlé láti lọ sọ̀rọ̀ Ọlọ́run kí a sì ṣe àwọn aláìní lóore. Mo wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì tì mí lójú láti wí i, nítorí pé iṣẹ́ rere ni. Ọmọ tí kò wọ bàtà rí, bí ẹ bá fún un ní bàtà, ayọ̀ ojú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn í tètè gbàgbé.

Abúlé tí a lọ lẹ́ẹ̀kan yìí, abúlé olóko kòkó ni. Ọ̀nà rẹ̀ kò dára rárá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a sọ̀kalẹ̀ kí bọ́ọ̀sì tó lè gun òkè, eruku sì sọ gèlè funfun wa di pupa. Nígbà tí a débẹ̀, a kọrin, a gbàdúrà, ìyá ìjọ sọ ọ̀rọ̀ ìyànjú, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ya fọ́tò ń sáré síhìn-ín sọ́hùn-ún. Àwọn obìnrin tò, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbà, wọ́n dúpẹ́.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè ju ti àbíkẹ́yìn mi lọ. Ó pọn ọmọkùnrin kan sẹ́yìn, oyún mìíràn sì ti yọ níwájú. Irun ọmọ náà pọ́n, ó fẹ́lẹ́ bí irun orí àgbàdo. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún, mo sì jẹ́wọ́ fún yín pé ṣe ni mo rò pé ọmọ náà sanra. Mo bá a ṣeré kí ó lè rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún. Ó kàn ń wò mí ni.

Nínú ẹgbẹ́ wa, nọ́ọ̀sì kan wà tó ti fẹ̀yìntì, Màmá Nọ́ọ̀sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Òun ni ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ ọmọ yìí. Nígbà tí ó gbé ọwọ́ kúrò, ojú ibẹ̀ jìn wọnú, kò sì padà bọ̀ sípò, àfi bí ìgbà tí a bá fi ìka tẹ ẹ̀bà.

"Ìyàwó, oṣù mélòó ni ọmọ yìí?"

"Ìgbà iṣu tuntun ni mo bí i, mà. Kì í ṣe tọdún yìí o, ti èṣí ni."

"Ṣé ó ṣì ń mu ọmú?"

"Rárá, mà. Wọ́n ní ọmú aboyún kò dára fún un."

"Kí ló wá ń jẹ?"

"Ẹ̀kọ ni, mà. Nígbà mìíràn, ẹ̀bà."

"Káàdì tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì lójú títì, mà. Wọ́n ní bí a bá gbé e wálé, a óò sọ ọ́ nù."

Dírẹ́bà fun fèrè. Oòrùn ti ń wọ̀, a sì ń bẹ̀rù ọ̀nà. Èmi gan-an ni mo sọ pé, "Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ ká máa lọ, a óò máa rántí wọn nínú àdúrà." A fún obìnrin náà ní ìrẹsì kóńgò méjì àti ẹ̀wù kan tó tóbi ju ọmọ rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, fọ́tò rẹ̀ wà lára èyí tí a lẹ̀ mọ́ pátákó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn, gbogbo ìjọ sì ń yìn wá.

Màmá Nọ́ọ̀sì kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí bọ́ọ̀sì fi délé. Ní ọjọ́ kẹta ó gun ọ̀kadà, òun nìkan, ó padà lọ sí abúlé náà, ó sì gbé ìyá àti ọmọ wá sí ọsibítù. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni wọ́n lò níbẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wá bá ẹgbẹ́ pé kí a ṣe ìrànlọ́wọ́ lórí owó ìtọ́jú, akápò wa ṣí ìwé rẹ̀, ó ní kò sí kọ́bọ̀ nínú àpò, pé ìrẹsì àti owó bọ́ọ̀sì ti gbé e lọ tán. Àwa mẹ́ta kan ni a dá owó náà láti inú àpò ara wa.

Mo wá bi Màmá Nọ́ọ̀sì léèrè pé kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé káàdì ni ó bèèrè. Ó ní, "Iléṣà ni mo ti kọ́ṣẹ́. Bí o bá kọ́ṣẹ́ ní Iléṣà, wàá bèèrè káàdì."

Ìtàn náà nìyí, ó sì yẹ kí gbogbo Yorùbá mọ̀ ọ́n, nítorí pé ilẹ̀ wa níbí ni ó ti ṣẹlẹ̀.

Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni ó dá ọsibítù Wesley Guild sílẹ̀ ní Iléṣà ṣáájú ogun 1914. Wesley Guild yìí, orúkọ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Àwọn ni wọ́n ń dá owó jọ tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ọsibítù náà. Ní ọdún 1956, dókítà àwọn ọmọdé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Morley dé sí ibẹ̀. Ohun tí ó bá kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà tó wà láyé nígbà náà. Èéyi, ìgbẹ́ gbuuru, ibà, ikọ́ líle tí í mú ọmọdé bì, àti àìrí oúnjẹ gidi jẹ: àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń kó ọmọ lọ. Ìyá a pọn ọmọ rin ọ̀nà jíjìn dé ọsibítù nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Dókítà a sa ipá tirẹ̀, ọmọ a kú. Èyí tó bá yè, wọ́n a dá a padà sí abúlé, sínú ohun kan náà tó gbé e wá, kò sì ní pẹ́ kò tún padà dé.

Morley àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ wá rò ó pé bí ó bá jẹ́ pé inú ọsibítù nìkan ni àwọn ń jókòó sí, àwọn kò ní rí ju ìdí ìkòkò lọ. Wọ́n yan Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú tó wà láàárín àwọn òkè lápá àríwá Iléṣà. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yóò rántí ìlú náà nípa ogun Kírìjì, nítorí pé agbègbè rẹ̀ ni àwọn Èkìtì Parapọ̀ ti bá àwọn Ìbàdàn wọ̀jà fún ọdún púpọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ ọwọ́ láti ọjọ́ tí a bá bí wọn títí wọn yóò fi pé ọmọ ọdún márùn-ún. Wọ́n kò dúró kí ọmọ ṣàìsàn kí wọ́n tó rí i. Ẹni tí ara rẹ̀ le àti ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, lójú kan náà ni wọ́n ti ń rí gbogbo wọn: ìwọ̀n, abẹ́rẹ́ àjẹsára, oògùn ibà, àti ọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ, ẹnì kan náà tó jókòó níwájú ìyá ni yóò ṣe é. Ìyá kò ní máa tò láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ eléyìí dáadáa: kì í ṣe òyìnbó dókítà ni ó ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Àwọn nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá ni, àwọn obìnrin tó gbọ́ èdè ìyá ọmọ, tí wọ́n mọ ohun tí ó ń bẹ̀rù, tí wọ́n sì mọ ohun tó wà nínú ìkòkò rẹ̀.

Káàdì náà ńkọ́? Páálí kan lásán ni, tí wọ́n fa ìlà méjì sí tí ń gùn lọ sókè bí ọ̀nà tó ń gun òkè. Àpótí kéékèèké wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fún oṣù kọ̀ọ̀kan, láti oṣù tí a bí ọmọ títí dé ọdún márùn-ún. Lóṣooṣù wọn yóò wọn ọmọ, wọn yóò sì fi àmì kan síbẹ̀. Bí àmì náà bá ń gòkè láàárín ìlà méjèèjì, ọmọ wà lójú ọ̀nà ìlera. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Bí àmì ti oṣù yìí bá dọ́gba pẹ̀lú ti èṣín oṣù, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, ewu ti dé, ìbáà jẹ́ pé ọmọ náà ṣì ń ṣeré. Wọ́n tún ń kọ ọ́ sára rẹ̀ bí ọmọ bá ṣe èéyi, tàbí bí ìyá rẹ̀ bá tún lóyún, tàbí bí ó bá jẹ́ ìbejì, tàbí bí ìyá bá ti sin ọmọ rí, kí ẹni tó bá mú káàdì lè mọ̀ lójú kan pé ọmọ yìí fẹ́ àmójútó.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Ọ̀dọ̀ ta ni káàdì ń gbé? Wọ́n fi sínú ọ̀rá, wọ́n sì gbé e lé ìyá lọ́wọ́ pé kí ó máa mú un lọ sílé. Àwọn kan wí nígbà náà pé obìnrin oko tí kò mọ̀wé yóò sọ ọ́ nù, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n sọ fún ọmọ wa lójú títì. Ohun tí wọ́n sì rí ni pé àwọn ìyá ń tọ́jú káàdì ju bí ọsibítù ti ń tọ́jú fáìlì lọ.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ó yẹ kí èyí yé yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí alájọ bá dé ìsọ̀ yín láàárọ̀, káàdì tó ní àpótí mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọwọ́ ta ni ó wà? Ṣé ọwọ́ yín kọ́? Bí alájọ kan bá wí pé, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí tiyín náà máa wà lọ́dọ̀ mi kí ẹ má baà sọ ọ́ nù," mo mọ irú ojú tí ẹ óò fi wò ó. Ẹ̀yin mìíràn kò ka ìwé kan rí, ṣùgbọ́n ẹ mọ iye àpótí tó kù lára káàdì yín lóru ọ̀gànjọ́. Ọmọ kò ha ju owó àjọ lọ?

Nípa èéyi, mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un. Morley rí i pé èéyi tí wọ́n kà sí àìsàn kékeré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apànìyàn ni níhìn-ín. Ó kọ̀wé sí àwọn onímọ̀ ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, níbi tí John Enders àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Ọ̀kan nínú wọn, Samuel Katz, wá sí ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, wọ́n sì dán abẹ́rẹ́ náà wò lára àwọn ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ọdún 1963 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìlò. Katz a máa sọ ọ́ títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀ pé àwọn ìyá tí òun bá níbí kì í ka iye ọmọ tí wọ́n ní títí èéyi yóò fi kọjá lórí wọn. Nígbà tí mo kà á, mo rántí ìyá mi àgbà tí kì í jẹ́ kí a ka ọmọ rẹ̀, tí àwa sì rò pé èèwọ̀ lásán ni.

Lónìí, abẹ́rẹ́ èéyi wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé: ọ̀kan nígbà tí ọmọ bá pé oṣù mẹ́sàn-án, èkejì ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọmọkùnrin tí mo sọ nípa rẹ̀ yìí ti gba ẹyọ kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kò gba ìkankan. Èéyi ni ó pa á. Ìyá náà kò sọ fún wa ní ọjọ́ tí a ń pín ìrẹsì. Lórí ibùsùn ọsibítù ni ó ti sọ fún Màmá Nọ́ọ̀sì.

Àìsàn ọmọ náà fúnra rẹ̀, kwashiorkor ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó dàgbà nínú yín rí i nínú àwòrán àwọn ọmọ Biafra nígbà ogun abẹ́lé 1967 sí 1970. Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, ni ó kọ nípa rẹ̀ láti Gold Coast ní àwọn ọdún 1930, ó sì mú orúkọ náà láti inú èdè Gà: àìsàn tí í mú ọmọ tí àbúrò rẹ̀ ti lé kúrò lẹ́nu ọmú. Ẹ ò rí i pé àwọn ìyá Gà ti mọ ìdí rẹ̀ kí dókítà tó mọ̀ ọ́n? Nígbà tí ọmú bá dáwọ́ dúró, tí ó wá ku ẹ̀kọ nìkan, ikùn ọmọ ń yó ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò rí ohun tí yóò fi kọ́ ilé. Ògì tí a fi ẹ̀wà lílọ̀, tàbí ẹ̀pà, tàbí edé, tàbí ẹja gbígbẹ sí, pẹ̀lú epo díẹ̀, kò wọ́n ju agbára obìnrin oko lọ. Ẹ̀pà tiẹ̀ wà lóko ọkọ ìyàwó yìí, tí wọ́n ń kó lọ sọ́jà. Ẹ sì jẹ́ kí a ti ẹnu bọ ọ̀rọ̀ ẹyin. Àwa kan ṣì ń sọ pé bí ọmọdé bá ń jẹ ẹyin, olè ni yóò dà. Mo ti rí olè púpọ̀ láyé mi, n kò sì rí èyí tó jẹ ẹyin yó ní kékeré.

Morley kúrò ní Iléṣà ní 1961, ó lọ ń kọ́ni ní London títí ó fi darúgbó, ó sì kú ní 2009. Ní 1965 ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ń ta ìwé àti ohun ìkọ́ni fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní owó pọ́ọ́kú. Káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé lọ káàkiri ayé. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1980, UNICEF ń polongo wíwọn ọmọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè tálákà. Ọsibítù náà ti bọ́ lọ́wọ́ ìjọ sí ọwọ́ ìjọba láti àwọn ọdún 1970, ó sì ti di apá kan ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. N kò ní tan yín: nígbà tí káàdì di ti gbogbo ayé, ibòmíràn wà tí wọ́n ń wọn ọmọ tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọn kò sì bá ìyá sọ gbólóhùn kan. Irú èyí kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Òṣùwọ̀n kò ṣe oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ tí a bá ìyá sọ lẹ́yìn ìwọ̀n ni oògùn.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ẹgbẹ́ wa yóò ṣe ìpàdé lórí ti ọdún yìí. Mo ti fi ìwé sílẹ̀ pé kí a dín ìrẹsì kù sí ìdajì, kí a fi owó tó kù ra òṣùwọ̀n tí a ń so kọ́ igi, irú èyí tí àwọn alápatà ń lò, kí a sì máa san owó ọ̀kadà fún Màmá Nọ́ọ̀sì àti ẹnì kejì rẹ̀ lóṣooṣù, kí a pa díẹ̀ mọ́ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá di ti ọsibítù. Ọ̀pọ̀ kò fẹ́ ẹ. Ìyá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún bi mí pé bí a kò bá gbé ìrẹsì lọ, ta ni yóò jáde wá gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run? Òmíràn ní owó ọ̀kadà kò ṣeé yà ní fọ́tò. Ó sọ ọ́ ní àwàdà, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. N kò mọ̀ bóyá n óò borí.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má wí pé ọ̀rọ̀ obìnrin ìjọ nìyí. Ní 1978, Morley àti olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Hugh Hawes bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní London tí wọ́n ń pè ní Child-to-Child, nítorí wọ́n mọ̀ pé ní abúlé, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ó ń pọn àbúrò rẹ̀ kiri. Bí ẹ bá kọ́ ọmọ kíláàsì kẹrin bí a ti ń tẹ ẹsẹ̀ àbúrò ẹni wò, àti bí a ti ń ka àmì orí káàdì, ẹ ti kọ́ ilé kan. Ìṣirò náà kúkú ni, kò sì gba ju wákàtí kan lọ.

Mo bá Màmá Nọ́ọ̀sì lọ sí abúlé náà lóṣù tó kọjá. Ó ti bá ọ̀gá ilé ìwòsàn ojú títì sọ̀rọ̀, ìyẹn sì ti yọ̀ǹda káàdì fún àwọn ìyá abúlé náà, láìjà láìta. Ìyàwó wa ti bí, ọmọbìnrin ni. Ó na ọwọ́ sókè lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó yọ ọ̀rá kan tó so kọ́ ìṣó, káàdì méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Ó fi ìka tọ àmì ti ọmọkùnrin náà láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ó dúró níbi kan tó dọ́gba, ó ní, "Ìgbà tí ibà mú un nìyí, mà." Mo bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ẹ̀wù tí a fún un ti gba ọmọ náà báyìí. Ó ní ó ṣì tóbi díẹ̀. Ó wá bi mí pé ọjọ́ wo ni èmi náà tún ń bọ̀, mo sì dá a lóhùn pé Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù tí ń bọ̀.